Ẹni Tó Ń Gún Iyán Ìyá Mi

Kì í ṣe pé mo kórìíra ọmọ náà. Yàrá iwájú ilé wa ní Ọ̀yẹ́ ló háyà, ó ń kàwé ní yunifásítì. Ọmọ Bẹ́núé ni, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ti ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, òun ló gba ọmọ odó mi.

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni. Nọ́ọ̀sì ní fáírọ́ọ̀sì inú ló ń jà káàkiri àdúgbò, kí n máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí n sì sinmi. Nígbà tí èébì dá, tí mo lè jókòó, ògì ni ìyá mi ń gbé wá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Èmi ti bá wọn dé ìdí àìrí rárá.

Ìyá mi kì í sùn láìjẹ iyán. Látìgbà tí bàbá mi ti kú, tí àwọn àbúrò mi sì ti gba ìlú ńlá lọ, èmi ni mo ń gún un. Òun á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, á máa sọ iṣu sí i, á sì máa bú mi. Bí mo bá fi kókó kan ṣoṣo sílẹ̀, mo gbé. Irun mi ti ń funfun, ó ṣì ń bú mi bí ọmọdé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró odó láti orí ibùsùn. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ yẹn ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó di ọmọ odó mú, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti mú kó máa dán, ó ń gún. Ìyá mi ń sọ iṣu Ayédé sí i. Mo gbàdúrà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé kí iyán náà ní kókó.

Àdúrà gbà. Ìyá mi bu òkèlè kan, ó sì tu nǹkan sọ́wọ́.

“Uyán rèé àbí òkúta?” ló bi í. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gún un ní ulé yín? Ọ̀lẹ ọmọ.”

“Ẹ má bínú, Màmá,” lọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kínú mi dùn. Owú ló jẹ mí, owú tó korò lẹ́nu ju oògùn lọ. Bí àlejò bá gbé òkúta fún ìyá mi jẹ, á ní ó dùn. Ọmọ tó bí nìkan ló ń bú nídìí odó, èmi nìkan ló sì kù nílé. Èmi ni mo ni èébú yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo dìde. Mo ní kí ọmọ Bẹ́núé lọ kàwé rẹ̀. Ìyá mi wò mí, ó jókòó sórí àpótí. Kò pẹ́ tí apá mi fi kọ̀, òógùn bò mí, mo ṣáà ń gún. Kókó inú iyán náà, adìẹ lè ṣà á jẹ.

Mo ń wo ẹnu ìyá mi bó ti ń jẹun. Ó dúró díẹ̀, ó rọra yọ nǹkan lẹ́nu, ó fi í pa mọ́ sábẹ́ etí àwo.

“Ó dùn,” ló wí. “O ṣeun o.”

Mo wọlé lọ dùbúlẹ̀. O ṣeun, bí ẹni ń kí ẹni tó bá a sọ ẹrù kalẹ̀ ní gáréèjì. Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé torí ìyá mi ò bú mi ni.

Mo padà sídìí ògì. Ọmọ Bẹ́núé ń gún iyán, wọ́n ń bú u, mo ń gbọ́ láti inú yàrá.

Nígbà tí oúnjẹ ti ń dúró nínú mi dáadáa, mo ti dé ìdí odó kí ọmọ náà tó ti kíláàsì dé. Apá mi kò tíì padà bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n mi ò sinmi. Ìyá mi bu òkèlè àkọ́kọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ dúró. Ó tu kókó kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi lójú.

“Kí rèé? Ṣé àìsàn náà gbé apá rẹ lọ ni? Ọmọ Bẹ́núé gún un jù ọ́ lọ.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo mú kókó náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.