Ọwọ́ tí Mẹ̀tìrì Moucharaf Nà Sókè

Kí Moucharaf tó di aṣòfin, ẹjọ́ ilẹ̀ tó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ín lè lọ sùn. Agbẹjọ́rò ni, mẹ̀tìrì là ń pè wọ́n ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kó ìwé òfin lọ sílé ẹjọ́. Àwọn àgbà ni òun ń kó lọ. Yóò wọ agboolé tí ìjà ilẹ̀ wà, yóò jókòó lórí ẹní, yóò béèrè ta ló gbin igi àgbọn yìí, ta ni wọ́n sin sí ìdí ògiri yẹn. Lọ́jọ́ ẹjọ́, àwọn baba náà á dìde, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn rí níwájú adájọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jàre.

Àwa la tì í. A ní ọmọ tó gbọ́n tó báyìí, kó lọ gbọ́n fún wa nílé aṣòfin. Ìyá Salimatou, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló ṣáájú wa ká gbogbo Ouando, àdúgbò wa, tó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Moucharaf wọlé. A jó bí ẹni tí kò ní jẹ gbèsè ijó.

Ìgbà tó débẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ló ń bá a ronú. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé òfin ilẹ̀ tuntun kalẹ̀: ẹni tí kò bá ní ìwé ìjọba, ẹ̀rí ẹnu àgbà kò lè gba ilẹ̀ rẹ̀ là mọ́. Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n nawọ́ sókè. Moucharaf, nínú gbogbo èèyàn, mọ ohun tí òfin yẹn máa fà. Ó nawọ́.

Nígbà tí ìbò tún dé, ẹgbẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi yọ ìwé olóǹtẹ̀, tó ní òun ti ra ilẹ̀ tí ilé Ìyá Salimatou wà lórí rẹ̀, ilé tí baba rẹ̀ kọ́.

Moucharaf kó àwọn àgbà jọ bíi ti àtijọ́. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n jókòó wámúwámú. Adájọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde nínú wọn.

"Mẹ̀tìrì, òfin kò gbà wọ́n láyè mọ́. Ṣebí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é?"

Mo wà lẹ́yìn wọn. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ilé lọ.

Nígbà tí a jáde, Ìyá Salimatou jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Moucharaf, ṣé wọ́n fipá gbé ọwọ́ rẹ sókè ni?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mi ò bá nà á, wọ́n á yọ mí."

"Wọ́n sì yọ ọ́ náà."

"Wọ́n yọ mí."

"Ìwọ nawọ́. Èmi dìbò fún ọ. Ta ni kí n wá bá wí?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n àbámọ̀ kì í dá ilé padà. Ìyá na ọwọ́ sí i kó fà á dìde, ó ní kó wá bá òun kó ẹrù. Moucharaf fúnra rẹ̀ ló ru bẹ́ẹ̀dì tó sùn lé nígbà èwe rẹ̀ jáde.