Ọwọ́ Tí Mo Kà ní Springdale

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni mo fi gba oyè ẹ̀kọ́ mi kejì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní yunifásítì kan nílùú Toronto níbí, mo fi odidi ọdún méjì kàwé lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe para pọ̀, tí wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ kan, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ń wo àwọn tó ń ṣàkóso ìṣọ̀kan náà bí àlejò tó ń pàṣẹ nínú ilé onílé. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni ti ìdìbò. Wọ́n á gbé àdéhùn síwájú àwọn èèyàn orílẹ̀-èdè kékeré kan, àwọn yẹn á ní àwọn ò fẹ́. Àwọn aṣáájú á lọ tún gbólóhùn díẹ̀ ṣe, wọ́n á ní kí wọ́n wá dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kọ bí ọgọ́ta ojú ewé lórí ìyẹn, tìbínú-tìbínú ni mo sì fi kọ ọ́.

Lásìkò yẹn kan náà ni mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Springdale, ní Brampton. A ò ju èèyàn méjìlélógún lọ: nọ́ọ̀sì, tíṣà, àwọn tó ń ṣe shift ní ilé ìkẹ́rùsí lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ní pálọ̀ wọn la sì ti máa ń ṣèpàdé lọ́sàn-án Sátidé kejì nínú oṣù. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Canada, àwọn ló gbà mí sílé. Oṣù méje ni mo fi sùn ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn, àwọn náà ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín láìṣubú. Ọkọ wọn ti kú. Àwọn ọmọ wọn wà ní Calgary, tí Mọ́mì bá sì bá wọn sọ Yorùbá lórí fóònù, òyìnbó ni wọ́n fi ń dáhùn. Sátidé kejì yẹn nìkan ni ilé wọn máa ń kún. Láti Thursday ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ìpàdé.

A kì í dìbò nílé Mọ́mì. Tí ọ̀rọ̀ kan bá jáde, a ó sọ ọ́ síwá-sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó máa lanu níwájú àwọn àgbà pé òun ò gbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò bá tẹ́ lọ́rùn á kàn dìde, á ní òun fẹ́ lọ fọ abọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí abọ́ fífọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Mọ́mì á jókòó díẹ̀, wọ́n á rọra tẹ̀ lé onítọ̀hún wọ ilé ìdáná. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, a ò ní gbọ́. Tí wọ́n bá jáde, Mọ́mì á ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀, tàbí ká yí i padà díẹ̀. Nígbà kan, láti Àjíǹde títí di ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ la fi ń jíròrò bóyá ká máa parí ìpàdé ní aago mẹ́fà. Ó máa ń sú mi. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé ẹgbẹ́ la wá ṣe ni, àbí abọ́ la wá fọ̀.

Ibi tá a wà nìyẹn nígbà tí àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Port Credit àti àwọn ti Scarborough ní ká para pọ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta á di ọ̀kan, alága kan, ìwé òfin kan. Àwọn ti Port Credit, àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń gbé nínú kọ́ńdò, ilé alájà gíga tó dojú kọ adágún omi, ní gbọ̀ngàn ìpàdé nínú ilé wọn. Orí mi wú. Kí n má purọ́, wọ́n ti ní èmi ni màá jẹ́ akọ̀wé àgbà. Ojú ewé méjìlá ni ìwé òfin tí mo kọ. Ohun kan ṣoṣo tó le nínú rẹ̀ ni pé Port Credit ni a ó ti máa ṣèpàdé, bẹ́ẹ̀ Mọ́mì ò wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà ńlá mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú, ìrìn wákàtí kan àbọ̀ ó kéré tán sì ni bọ́ọ̀sì láti Springdale. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè wá lè dara pọ̀ lórí fóònù. Mo rò pé mo ti yanjú ẹ̀ nìyẹn.

Ìwé òfin ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dìbò. Lọ́jọ́ tó kan Springdale, mo ka ojú ewé méjèèjìlá, mo béèrè bóyá ẹnì kan ní ìbéèrè. Wọ́n béèrè ẹni tí á máa se oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin méjì dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fọ abọ́. Mọ́mì náà kó kọ́ọ̀bù tó wà níwájú wọn, wọ́n dìde.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná,” mo wí. “A fẹ́ ka ọwọ́, iye wa gbọ́dọ̀ pé.”

Wọ́n dúró, wọ́n wò mí. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, wọ́n jókòó, àwọn obìnrin méjèèjì náà sì padà síjòkòó. Mo ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Mọ́mì ló kọ́kọ́ nawọ́, kó tó kan gbogbo ilé. Ọwọ́ méjìlélógún ni mo kà, pẹ̀lú tèmi. Inú mi dùn débi pé nínú ọkọ̀ ni mo ti pe Port Credit.

Àwa mẹ́rin la lọ sí ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ láti Springdale. Nígbà kejì, ó ku èmi àti ọkùnrin kan tí mo fi ọkọ̀ mi gbé. Mọ́mì dara pọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Àjà ilé wọn là ń wò nínú fídíò. Wọ́n kí gbogbo ilé dáadáa, alága ní kí ẹni tí kò bá ní nǹkan sọ pa ohùn fóònù rẹ̀, a ò sì gbúròó wọn níbẹ̀ mọ́. Inú bí mi. Mo pe àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá wọn wí pé ṣebí àwọn fúnra wọn ló nawọ́. “Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá, iṣẹ́ ni,” ni wọ́n ń sọ, ohùn gbogbo wọn jọra.

Mo ti ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́, lórí ọ̀rọ̀ Yúróòpù yìí kan náà, pé ẹni tí wọ́n bi léèrè níbi tí kò ti lè sọ pé rárá, wọn ò tíì bi í. Mo fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, ẹ̀rí dà? Mo ti wà lórí ìwé ẹlòmíì kí ọwọ́ mi tó dúró. Láti ìgbà tí mo ti mọ Mọ́mì, n ò rí i kí wọ́n kó kọ́ọ̀bù nípàdé rí. Àwọn ló máa ń tẹ̀ lé ẹlòmíì wọ ilé ìdáná, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n sì fi ń lọ. Lọ́jọ́ ìdìbò yẹn, abọ́ làwọn náà fẹ́ lọ fọ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n jókòó. Ojú tì mí gan-an.

Mo lọ bá wọn lọ́sàn-án Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti kó àwọn àga ìpàdé lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n jókòó tì mí.

“Mọ́mì, lọ́jọ́ tá a dìbò, ẹ ò fẹ́ ẹ, àbí?”

Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹran náà rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Mi ò fẹ́ ẹ.”

“Ẹ wá nawọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ nawọ́.”

“Ìwọ lo dúró níwájú gbogbo wọn tí ò ń ka ọwọ́. Ṣé kí n wá dójú tì ọ́ ni?”

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ó ṣe é tún ṣe, pé màá kọ̀wé sí alága, a ó fagi lé ti tẹ́lẹ̀, màá pe gbogbo èèyàn wa síbí, a ó tún ìbò náà dì. Mo ń yára sọ̀rọ̀. Mọ́mì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n bu omi fún mi.

“Tí ẹ bá tún un dì, ìwọ náà lo máa kà á?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, èmi ni akọ̀wé.

“Màá tún nawọ́ nìyẹn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n jẹun kó má baà tutù.