Bí Mo Ṣe Bá Ọkọ Mi Tẹ́lẹ̀ Bẹ Olówó, Tí Olówó Wá Fẹ́ Pè Mí Lẹ́jọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí kí n tó padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó máa ṣe é lọ, kó ṣáà máa fi etí kan gbọ́ mi.

Télọ̀ ni mí, ní Ìkòsí níbí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Òun ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ mi láti ìgbà tí èmi àti bàbá wọn ti kọ ara wa sílẹ̀. Kò sí ìjà ńlá kankan o. Ó sú mi, ó sú òun náà, àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Bàbá Kàfáyà, ìyẹn bàbá àwọn ọmọ mi, ń ta tòmátì ní Mile 12. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nǹkan ló dojú rú fún un. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ láti Òkè Ọya bàjẹ́ sójú ọ̀nà, ìgbà tí tòmátì yẹn máa fi dé, omi ló kù nínú apẹ̀rẹ̀. Ó yá owó, ó tún ránṣẹ́ ra òmíràn. Ọjọ́ tí èyí dé, tòmátì ti kún gbogbo ọjà, kò sẹ́ni tó béèrè iye tó ń tà á. Ẹ sì mọ̀ pé tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe kógbá sílé.

Ẹni tó jẹ ní gbèsè jù ni Àlàájà Múìbá, ìyá àgbà kan tó ń ta ata àpò-àpò ní ọjà kan náà. Àlàájà yìí mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni mo máa ń rán aṣọ wọn, àwọn náà ló sì ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún ìdajì àwọn kọ́sítómà tí mo ní.

Èmi kúkú ti jáde nílé ọkùnrin náà, kí ló tún kàn mí? Ìyá rẹ̀ ló wá bá mi. Màmá ò tilẹ̀ jókòó. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ń sá kiri, pé Àlàájà ní òun máa fi ọlọ́pàá mú un, pé ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ ẹlẹ́wọ̀n ni? Ẹ̀yin náà, kí lẹ máa dáhùn? Ìyá tó wẹ gbogbo ọmọ tí mo bí fún mi! Mi ò rójú kọ̀.

Ẹ mọ bí a ṣe ń bẹ olówó láàrin wa. Onígbèsè kì í dá lọ. Á wá ẹni tí olówó ń wojú rẹ̀, ẹni yẹn ló máa ṣíwájú, òun ló máa kúnlẹ̀, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ti òun ṣe é. Olówó á kọ́kọ́ kọ̀, á pariwo díẹ̀, lẹ́yìn náà á ní ọpẹ́lọpẹ́ lágbájá. Mo bá wọn lọ. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àpò ata, ata ń ta mí lójú, omi ń bọ́ lójú mi, gbogbo èèyàn rò pé ẹkún ni mò ń sun. Ó kù díẹ̀ kó di ẹkún náà.

Àlàájà wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìyá Kàfáyà, ìwọ tó o ti kọ ọkùnrin yìí, ìwọ náà lo tún wá kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀? Ó dáa. Tí kì í bá ṣe tìẹ ni, àtìmọ́lé ni ì bá sùn lónìí."

Wọ́n fún un láyè títí di ẹ̀yìn Iléyá. Gbogbo wa dúpẹ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ tán.

Iléyá kọjá, Bàbá Kàfáyà ò san kọ́bọ̀. Nígbà tó yá, a ò rí i mọ́. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Àwọn kan ní ó wà ní Ṣakí, àwọn kan ní ó ti kọjá sí Kútọnu. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ò mọ ibi tó wà. Bóyá wọ́n mọ̀, bóyá wọn ò mọ̀, mi ò lè sọ.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni ọkùnrin kan tó de táì wọlé bá mi, ó na lẹ́tà sí mi lójú àwọn kọ́sítómà mi. Lẹ́tà lọ́yà ni, lórúkọ Àlàájà. Wọ́n ní èmi ni mo dúró fún Bàbá Kàfáyà, pé tí mi ò bá san owó yẹn kí oṣù tó parí, wọ́n máa pè mí lẹ́jọ́, wọ́n á sì ní kí kọ́ọ̀tù bá wọn ta ẹrù ṣọ́ọ̀bù mi. Mo kà á, mo tún un kà. Aṣọ ìyàwó ẹnì kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mi ò lè tẹ ẹ̀rọ mọ́.

Ẹ̀rù bà mí o, àmọ́ àárẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo ti kó ẹrù mi jáde, mo ti sunkún mi tán, mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé mi lọ́tun. Gbèsè ọkùnrin yìí tún wá tọ̀ mí wá síbi iṣẹ́! Ìgbà wo gan-an ni obìnrin ń kúrò nílé ọkọ tán?

Mo ní kọ́sítómà kan tó jẹ́ lọ́yà, Mende ló ń gbé. Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá a. Ó bi mí bóyá mo fọwọ́ sí ìwé kankan, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mo sọ pé èmi máa san tí kò bá san. Mo ronú títí, mo ní gbogbo ohun tí mo sọ kò ju pé kí wọ́n fi tèmi ṣe é.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mummy Kàfáyà, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe gbèsè. Ẹ ò sign nǹkan kan, owó tí bàbá yẹn jẹ ò kàn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sí court."

Ó bá mi kọ èsì. Kò gbowó, ó ní kí n bá òun rán bùbá kan tó bá yá.

Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà ni Àlàájà, mi ò lè jẹ́ kó jẹ́ pé ìwé lásán ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo mú èsì náà dání, mo lọ bá wọn ní Mile 12.

Wọ́n ń ṣa ata tó ti rà kúrò nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo ṣàlàyé ohun tí lọ́yà sọ. Wọn ò tilẹ̀ gba ìwé náà. Wọ́n ní ọmọkùnrin àwọn ló lọ gba lọ́yà, pé àwọn náà mọ̀ pé ẹjọ́ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé àwọn máa ní kó jáwọ́. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Má dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ò jẹ mí lówó. Ọjọ́ yẹn, ǹ bá ti mú ọkùnrin yẹn, kí n gba ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ ni mo wò. Owó àjọ àwọn ìyá tó o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí wà nínú owó tó jẹ mí, ìwọ ò mọ̀. Tí ẹlòmíì bá tún wá kúnlẹ̀ síwájú mi lọ́la ńkọ́, kí ni kí n ṣe fún un?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní àwọn ò bínú, ó kàn rẹ àwọn ni.

Kò sẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́. Ẹ̀rọ mi wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n Àlàájà ò rán èèyàn sí mi mọ́, mi ò sì lè bá wọn wí. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni bẹ olówó, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi san án. Òfin lè ní kò kàn yín, àmọ́ ẹni tó wojú yín tó fi dárí jì í máa rántí yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá Bàbá Kàfáyà tún wá. Wọ́n ní oníresì kan ní Kétu náà ń wá ọmọ àwọn, pé oníresì náà mọ̀ mí, pé kí n jọ̀ọ́ kí n bá àwọn dé ibẹ̀. Mo gbé àga fún wọn, mo ra ohun mímu fún wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, mi ò lọ." Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún. Mi ò lọ.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan nínú yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi. Ẹ sì bá mi sọ òótọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ tó wẹ ọmọ fún yín: ṣé mo ṣe dáadáa?