Ẹni Tó Ra Kámẹ́rà Wúràọlá

Ní ọjà Àlàbá, bí oníbàárà bá béèrè ohun tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, o ò ní sọ pé kò sí. Wàá ní kó jókòó, wàá sáré lọ gbé e ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì, wàá sì fi èrè tìrẹ lé e. Ẹni tó gbé ọjà fún ọ ò gbọdọ̀ béèrè ẹni tó fẹ́ rà á. Tó bá béèrè, a jẹ́ pé ó fẹ́ gba oníbàárà rẹ nìyẹn.

Àṣà yìí ló kó bá Wúràọlá, tí à ń pè ní Ìyá Fisáyọ̀ ní ìjọ wa ní Ìbà. Obìnrin náà kì í purọ́. Kámẹ́rà alágbára tó ń ríran jìnnà nínú òkùnkùn ló ń tà. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ń kó o ránṣẹ́ sí i, òun nìkan ní gbogbo Àlàbá. Májẹ̀mú tí wọ́n bá a dá kò le: kó mọ ẹni tó ń rà á, kó má sì jẹ́ kó dé ọwọ́ àwọn tí ìjọba orílẹ̀-èdè ilé-iṣẹ́ náà fòfin dè.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Afọlábí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, wá gbé páálí kámẹ́rà kan.

"Ta ló fẹ́ rà á, Bọ̀dá Afọlábí?"

"Háà, Ìyá Fisáyọ̀! Ẹ ti di kọ́sítọ́ọ̀mù? Ẹ kúkú wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí ẹ máa bá mi kí oníbàárà!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Wúràọlá, ó gbé e fún un.

Páálí yẹn gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun kan tí òfin náà dè. Nígbà tí àwọn aláṣẹ gba àwọn kámẹ́rà náà lọ́wọ́ wọn, nọ́ńbà ara kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan tọ́ka sí Wúràọlá. Ilé-iṣẹ́ náà dá ọjà rẹ̀ dúró. Wọ́n ní bí kò bá fi ẹni tó rà á hàn kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ àwọn tán nìyẹn.

Ó bẹ Afọlábí títí, Afọlábí ò dárúkọ. Ni ọ̀rọ̀ bá dé iwájú Pásítọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

"Ìyá Fisáyọ̀, onígbàgbọ́ ni yín. Ẹ dárí jì í, Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn mìíràn."

"Mo ti dárí jì í, sà. Orúkọ ni mò ń béèrè."

Afọlábí ní, "Tí mo bá dárúkọ oníbàárà mi, ta ló tún máa wọ ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Tèmi ńkọ́, Bọ̀dá? Ta ló máa wọ tèmi?"

Pásítọ̀ ní ká kúnlẹ̀ ká gbàdúrà. Àdúrà kí ni? Orúkọ wà lẹ́nu ẹni tó dúró síwájú wa, a wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣe ohun tí Afọlábí lè fi gbólóhùn kan ṣe! Ẹni tó ṣe àṣìṣe yìí, à ń bò ó láṣìírí. Ẹni tó ń jìyà rẹ̀, òun là ń wàásù fún. Láti kékeré ni mo ti ń sin Ọlọ́run, n ò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí eékún mi níbẹ̀, mo ń bi ara mi bóyá Ó wà pẹ̀lú wa. N ò tíì rí ìdáhùn.

Oṣù parí. Ilé-iṣẹ́ náà gbé ọjà fún ẹlòmíì, Wúràọlá sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Àlàbá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Afọlábí ló dá orin ìyìn. Wúràọlá dúró láàárín àwa akọrin, kò gbè é. Èmi náà ò gbè é.