Ohun Tí Ásíìdì Ò Lè Jẹ

Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mi ò tiẹ̀ rántí kí màmá mi kí n tó figbe ta. Páànù tí mo rà fún wọn láti máa fi din ẹyin ni mo bá níta lẹ́yìnkùlé wa ní Ìfọ̀, inú rẹ̀ ń dán yanran. Dúdú ni mo rà á!

"Ṣé o ò rí èérí inú ẹ̀ ni?" Màmá mi tún ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn alásàlátù ń bọ̀ wá kí bàbá ẹ. Kí wọ́n wá bá páànù dúdú nílé mi? Yanrìn àti kànìnkàn onírin ni mo fi bá a jà láti àárọ̀."

Yéè! Níbi iṣẹ́ mi ní Ìbàfò, irú nǹkan dúdú tí wọ́n fi bo inú páànù yẹn, Tẹ́fílọ́ọ̀nù, ni wọ́n fi tẹ́ inú táǹkì ásíìdì wa. Ásíìdì tó ń jẹ irin, kò rí i gbé ṣe. Màmá mi fi àárọ̀ kan ṣoṣo parí ẹ̀.

Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi ni mo ṣe rà á. Dókítà ní kí wọ́n má fẹnu kan òróró mọ́, ni wọ́n bá fárígá. Ẹyin bíbọ̀, wọn ò jẹ. Ẹ̀bà, wọn ò jẹ. Ó ti di ọjọ́ kẹta, oògùn wọn ò sì ṣe é lò láìjẹun. Nínú páànù yẹn, ẹyin ò ní lẹ̀, bí ò tilẹ̀ sí òróró. Lánàá tí mo din ẹyin nínú ẹ̀ fún wọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó dà bíi rọ́bà, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní yóò mọ́ wọn lára.

"Màámi, ẹ ti bà á jẹ́! Kí ni bàbá máa wá jẹ báyìí?"

"Ẹyin náà ni. Kúrò lọ́nà jàre."

Wọ́n gbé e kaná, wọ́n da ẹyin sí i láìfi òróró sí i. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, etí ẹ̀ pọ́n, ìdí ẹ̀ jó. Mo ń fi ṣíbí ha á, mo ń ráhùn, eéfín gba ilé kan.

Bàbá mi bá yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n ha èyí tó jó, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún ha òmíràn.

"Èyí lẹyin," wọ́n ní. "Ẹ din míì, kẹ́ ẹ sì dẹ́kun ariwo."

Mo fọ́ ẹyin méjì míì sínú páànù tí màmá mi ti bà jẹ́ náà, mo wá lọ gbé oògùn bàbá mi.