Okùn Aláwọ̀ Mẹ́ta Tí Mo Gé ní Rye Lane

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo fi jáde nílé ní Peckham, ní London, lọ síbi iṣẹ́, inú sì ti ń bí mi kí n tó dé ìdíkọ̀. Ọmọ mi Hàlímà fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Jímọ̀ ní Ljubljana, olú-ìlú Slovenia. Àwọn ìjọba ibẹ̀ ní orúkọ inú ìwé ìbí rẹ̀ kò bá ti páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu. Wọ́n ní kí èmi ìyá rẹ̀ búra nínú ìwé pé ẹnì kan náà ni, kí ògbufọ̀ tí wọ́n mọ̀ sì túmọ̀ ìwé náà sí èdè wọn. Bí kò bá dé ọwọ́ wọn kí Ọjọ́bọ̀ tó parí, kò sí ìgbéyàwó. Èmi tí mo bí ọmọ ni mo tún ń búra pé mo mọ̀ ọ́n.

Ògbufọ̀ tí a rí ń gbé lẹ́bàá Elephant and Castle. Mojca ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, Mọ́yítsà ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní Mojí kí ahọ́n mi lè sinmi. Ìwé ojú ewé kan péré ni mo gbé fún un, ó fi ìbéèrè pa mí. Mo kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé cousin Hàlímà ló jẹ́rìí sí orúkọ rẹ̀, àti pé guardian rẹ̀ ló lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí Mojí fi pè mí.

"Cousin yìí, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Bratranec là ń pe ọkùnrin, sestrična là ń pe obìnrin. Guardian ńkọ́? Ṣé ilé ẹjọ́ ló yàn án ni àbí ẹbí?"

"Ẹbí ni. Ilé ẹjọ́ wo? Ṣé ìwé ni mo gbé fún ẹ ni àbí ẹjọ́?"

"Mi ò lè mú èyí tó bá ṣáà wù mí," ó ní. "Èmi ni màá búra sí i."

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò, ìyẹn la máa ń bi ara wa. Àwọn tiwọn ń béèrè akọ àti abo. Èdè Òyìnbó kò béèrè nǹkan kan, ó kó gbogbo wọn sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí Mojí parí iṣẹ́, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ funfun, búlúù àti pupa rán ìtumọ̀ náà mọ́ ìwé tí mo búra sí, ó lẹ ìdí okùn náà pa, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Èmi rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ẹni tó bá sì ti bá ọ́fíìsì ìjọba lò rí nílé kì í gbé ìwé kan ṣoṣo rìn. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì ní Rye Lane, ládùúgbò wa, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

"Mummy, okùn yìí ò jẹ́ kí paper yìí tẹ́jú lórí machine o," Ràṣídì sọ.

"Gé e jàre, a máa fi stapler dè é."

Ó gé e. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ọkàn mi sì balẹ̀.

Láti Gatwick, wákàtí méjì lókè nínú bàálù. Pápákọ̀ òfurufú wọn wà láàárín oko àgbàdo, òkè olórí funfun sì yí i ká. Ojú ọ̀nà wọn tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí ara mi kò mì lẹ́ẹ̀kan nínú bọ́ọ̀sì. Hàlímà ra burek fún mi, ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó yan án. Yúrò mẹ́rin ni, ó yó mi.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé ọ́fíìsì náà yí ìwé mi síwá sẹ́yìn, ó wo ojú ibi tí stapler dé, ó sì tì í padà sí mi. "Neveljavno," ó ní.

"Mummy, wọ́n ní it's not valid," Hàlímà sọ, omi ti dé ojú rẹ̀.

Orí mi gbóná. Mo pe Mojí níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà. Mo ní ayédèrú ògbufọ̀ ni, mo ní ó ti ba ayé ọmọ mi jẹ́, mo ní ẹni tó tọ́ ọ kò tọ́ ọ re. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

"Ṣé okùn yẹn ṣì wà lára rẹ̀?" ó béèrè.

Mo ní mo gé e kí n lè ṣe photocopy.

Mojí ṣàlàyé pé okùn náà ló ń jẹ́rìí pé ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ ojú ewé kankan. Bí mo ti gé e báyìí, ìbúra òun ti kúrò lórí rẹ̀. Gbogbo ìbínú tí mo gbé láti Peckham wá padà sórí mi. Mo bú ara mi ju bí mo ṣe bú u lọ.

Òun náà ló tún wá ògbufọ̀ mìíràn fún wa, bàbá arúgbó kan lẹ́bàá odò ìlú náà, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Mo rò pé bàbá á kàn lu òǹtẹ̀ ni. Rárá o. Ó ní òun ni òun máa fọwọ́ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: cousin wo? Guardian wo? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́fíìsì tì nígbà tí akọ̀wé fọwọ́ kan okùn tuntun tí bàbá fi rán ìwé náà, tó sì gbà á.

Wọ́n so Hàlímà àti ọkọ rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú mo padà sí Peckham, mo gbé àpò sílẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elephant. Hàlímà ti kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan: "Oprostite," ẹ dárí jì mí, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Mo sọ ọ́ fún Mojí lẹ́nu ọ̀nà, èmi tí mo lè bí i.

"Mo ti gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìyá mi jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo bú ọmọ níṣojú ìyá rẹ̀. Mo ní kó mú mi wọlé. Ìyá náà wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, irun rẹ̀ funfun. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ọmọ mi rí ìgbéyàwó náà ṣe.

"Ó ṣe é, Mà," mo dá a lóhùn. "Ọmọ yín ló bá wa ṣe é."