Ọ̀dà Tó Jiná

Kékeré ni mo ṣì wà, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, nígbà tí ìlara wọ̀ mí lẹ́wù. Ayé owó epo ni nígbà náà. Bàbá mi tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ọ̀rẹ̀ ti ra tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò ló ń wá wòran ní pálọ̀ wa. Ẹ̀yin ọmọ, ó yẹ kí ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Tí wọ́n bá ti gba ọlidé gígùn, wọ́n á fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tó ń dáko kòkó ní Agbabu. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo débẹ̀ mo bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹgbẹ́ mi gan-an, tó ti ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló rà á lọ́wọ́ Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja. Inú ọkọ̀ náà ti sán, ni ọmọ yìí bá wa ọ̀dà dúdú tó máa ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀, ó sè é nínú ìkòkò àlòkù, ó sì fi dí i.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo rán ìgbòkun rẹ̀ o. Àpò ìyẹ̀fun mẹ́rin ni mo tú, tí mo rán pọ̀, abẹ́rẹ́ gún mi títí ìka mi fi wú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kó sínú rẹ̀ tí ọkọ̀ ń sáré lórí odò, ọkọ̀ rẹ̀ ni gbogbo èrò etí odò ń yìn. Ó máa ń gbé mi nígbà míì, àmọ́ kì í jẹ́ kí n di okùn ìgbòkun mú. “Ó di ọ̀la,” ni yóò wí, “jókòó sáàárín.” Bẹ́ẹ̀, ipò kejì ni mo ṣe nílé ìwé lọ́dún yẹn, òun ṣe ipò kẹtàdínlógún, kò sì sẹ́ni tó ra àjẹ̀ lásán fún mi.

Nígbà tí ọlidé ń parí lọ, màmá mi wá mú mi. Ó rí ọmọ yìí bó ṣe ń fi ìgbòkun gúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó kí òtútù má baà mú un. Èmi náà tutù, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá tèmi ni o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n jẹun tán tí wọ́n ń sùn, mo mú ọ̀bẹ ilé ìdáná. Mo ha ọ̀dà kúrò lójú ibi tó sán, mo sì fi ẹní àtẹ́jókòó rẹ̀ bo ibẹ̀.

Ọkọ̀ ni mo fẹ́ kó rì, kì í ṣe òun. Nígbà tó wa ọkọ̀ náà dé àárín odò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tí ìgbòkun tẹrí ba, okùn lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Àwọn apẹja méjì ló fà á jáde, a ò sì rí ọkọ̀ náà mọ́.

Bàbá rẹ̀ ò nà án. Ó kàn ní, “Ọma mi, ọ̀dà rẹ ò jiná. O kánjú jù.” Ọmọ náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ.

Ayé ti yí padà. Ọ̀kadà ló ń kó ẹrù wọn báyìí, ẹ lè wà ní Agbabu lóṣù kan kí ẹ má rí ìgbòkun kan ṣoṣo. Ọmọ yẹn ti di bàbá àgbà yín, ó kọ́lé, ó ra mọ́tò, ìlara sì tún mú mi díẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìṣó lásán mọ́ igi, yóò pe èèyàn: “Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó dúró? Ọwọ́ mi ò ṣeé gbára lé.” Gbogbo yín á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá yín rín in.

Ojú rẹ̀ ò ríran kàwé mọ́, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ máa ń kàwé sí i létí. Ẹ ka èyí náà sí i létí. Tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀ níhìn-ín, ẹ rọra di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀dà rẹ̀ jiná.